Ọkọ̀ Gbalasa Arẹrù: Bí Ẹ Ṣe Lè Jiyàn Títí Ìrísí Rẹ̀ Yóò Fi Bá Iṣẹ́ Rẹ̀ Mu

Ẹ dúró lẹ́bàá títì tó ti Kútọnu wọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kí ẹ máa wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí à ń pè ní titan. Èyí tó gbé àgbá gbọọrọ sẹ́yìn, epo ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí àpótí rẹ̀ ń gbérí sókè, iyanrìn ló kó. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ní ìkọ́ irin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ̀nténà ló ń retí. Kò sẹ́ni tó ní láti ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn kó tó mọ̀. Ohun tí à ń wá lára ọkọ̀ gbalasa òfuurufú náà nìyẹn: kí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí wò ó, kó sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ẹgbẹ́ kékeré ni a kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, ẹni mẹ́ta sí mẹ́jọ, tó fẹ́ ya ọkọ̀ gbalasa ńlá fún géèmù, fún ìwé aláwòrán, tàbí kí wọ́n fi páálí ṣe é. Ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti máa ń dàrú kì í ṣe ọwọ́ ayàwòrán. Àríyànjiyàn ni. Ẹnì kan á ní, “Èmi fẹ́ràn eléyìí,” èkejì á ní, “Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀,” ilẹ̀ á ṣú, wọn ò ní yanjú nǹkan kan. Ohun tí ẹnu fẹ́ kò ṣeé jiyàn lé lórí. Ohun tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ló ṣeé jiyàn lé lórí, nítorí ó ní òǹkà.

1. Ẹ kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan

Kí pẹ́ńsùlù tó kan bébà, ẹ kọ gbólóhùn kan tó dáhùn ìbéèrè márùn-ún: ẹrù wo ni, tọ́ọ̀nù mélòó, láti ibo dé ibo, ènìyàn mélòó ló wà nínú rẹ̀, ṣé ó máa ń balẹ̀ àbí kì í balẹ̀? Èyí tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ títí dé òpin nìyí:

“Ọkọ̀ yìí ń gbé 500 tọ́ọ̀nù omi láti àyíká Òṣùpá lọ sí àyíká Mars, ènìyàn 6 ló wà nínú rẹ̀, kì í balẹ̀ síbì kankan.”

Ìbéèrè karùn-ún ló lágbára jù. Ọkọ̀ tó máa gba inú afẹ́fẹ́ balẹ̀ nílò imú tó ń la afẹ́fẹ́ àti ara tó lè fara da iná. Ìdí nìyẹn tí Space Shuttle, ọkọ̀ gbalasa Amẹ́ríkà tó máa ń padà balẹ̀ bíi bàálù, fi ní apá, tí abẹ́ rẹ̀ sì fi jẹ́ kìkì àwo dúdú tí ń dènà ooru. Ẹ wá fi í wé ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Grumman kọ́ fún ètò Apollo, èyí tó gbé ènìyàn balẹ̀ sórí Òṣùpá ní 1969. Kò rí afẹ́fẹ́ rí, kò sì ní rí i, nítorí náà kò sí ohun tó ń fipá mú un láti dán tàbí láti ṣẹnu ṣóńṣó. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní bí aláǹtakùn, wọ́n fi bébà dídán bíi wúrà wé apá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n yọ àga kúrò nínú rẹ̀ kí àwọn awakọ̀ lè dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí ojú wọn ti sún mọ́ fèrèsé, fèrèsé ńlá ò pọn dandan mọ́, ìwúwo sì dín kù. Kò sẹ́ni tó máa wò ó tó máa rò pé ó lè fò lókè Àjàṣẹ́, ojú tèmi sì rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀ wà.

Tí ẹgbẹ́ kò bá lè fẹnu kò sórí gbólóhùn yìí, ẹ má tíì yàwòrán. Gbólóhùn méjì, ọkọ̀ méjì ni.

2. Ẹ ṣírò ohun tí kò ṣeé fi pamọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń sá fún, ibí náà sì ni ìjà ti ń parí. Òǹkà mẹ́rin ni ẹ nílò.

Àkọ́kọ́ ni ẹrù. Tọ́ọ̀nù omi kan gba mítà kúbíìkì kan (àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan), nítorí náà 500 tọ́ọ̀nù jẹ́ 500. Tí ẹ bá pín in sí àgbá roboto méjì, ìdábùú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju mítà 7.8 lọ. Ó kéré, àbí? Ẹ̀rù máa ń ba ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n bá rí i, nítorí wọ́n ti rò pé ẹrù ni yóò gba gbogbo ojú.

Ìkejì ni epo. Ká ní ẹ́ńjìnnì átọ́míìkì ni ọkọ̀ yìí ń lò, irú èyí tí Amẹ́ríkà dán wò lórí ilẹ̀ ní Nevada kí wọ́n tó pa ètò náà tì ní 1973. Háídrójìn olómi ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń tú jáde lẹ́yìn. Háídrójìn fúyẹ́ débi pé mítà kúbíìkì kan rẹ̀ kò ju nǹkan bí 71 kílò lọ, nígbà tí omi jẹ́ 1,000. Nítorí náà, 100 tọ́ọ̀nù rẹ̀ yóò gba nǹkan bí 1,400 mítà kúbíìkì: àgbá roboto kan tí ìdábùú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 14. Ká sọ pé ọkọ̀ wa gbé àgbá mẹ́rin irú ẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: 400 tọ́ọ̀nù epo ti gba ìlọ́po mọ́kànlá àyè tí 500 tọ́ọ̀nù omi gbà. Ẹrù tó wúwo jù kọ́ ló tóbi jù. Tó bá jẹ́ ọ́síjìn olómi ni, 100 tọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ju àgbá mítà 5.5 lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó ya àgbá epo, kó kọ́kọ́ sọ epo tó wà nínú rẹ̀.

Ìkẹta ni ooru. Nínú òfìfo, kò sí atẹ́gùn tó máa fẹ́ ọkọ̀ tutù. Rádíétọ̀ nìkan ló lè tú ooru dànù, bí ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí. Tí rádíétọ̀ bá wà ní 27°C, tó sì ń tú ooru láti ojú méjèèjì, mítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀ ń lé nǹkan bí 830 wáàtì, tí a kò bá ka èyí tí oòrùn ń dà lé e. Láti lé 1,000 kílówáàtì, ẹ nílò nǹkan bí 1,200 mítà onígun mẹ́rin. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jẹ́ kó gbóná dé 327°C, nǹkan bí 76 ti tó, nítorí pé tí ìgbóná bá di ìlọ́po méjì lórí òṣùwọ̀n Kelvin (níbẹ̀, 27°C jẹ́ 300, 327°C sì jẹ́ 600), ooru tó ń jáde á di ìlọ́po 16. Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ máa bá ara wọn fà nìyí: pẹrẹsẹ ńlá tó tutù, àbí kékeré tó gbóná? Ibi tí ènìyàn ń gbé àti kọ̀ǹpútà ń fẹ́ èyí tó tutù. Ẹ̀rọ iná mànàmáná lè lo èyí tó gbóná. Ẹ má sì kùn ún ní pupa o. Irin kì í pọ́n lójú ènìyàn àfi tó bá gbóná tó nǹkan bí 525°C.

Ìkẹrin ni pánẹ́ẹ̀lì sólà, tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn lẹ́bàá Ayé jẹ́ nǹkan bí 1,361 wáàtì lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Tó bá dé Mars, ó ku nǹkan bí 590. Pánẹ́ẹ̀lì tó tó lo níhìn-ín á di ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀ tó bá máa tó lo lọ́hùn-ún.

Ẹni tó bá rò pé òǹkà wọ̀nyí kì í hàn lójú, kó wo Ibùdó Gbalasa Àgbáyé: nǹkan bí 420 tọ́ọ̀nù, mítà 109 láti etí dé etí. Pánẹ́ẹ̀lì sólà àti rádíétọ̀ funfun ló gba ọ̀pọ̀ ibi tí ojú ń rí, ilé tí ènìyàn ń gbé wà láàárín bí ìdí igi.

3. Ẹ to àwọn ẹ̀yà náà kí ẹ tó fún wọn lára

Ẹ fa ìlà tààrà kan lórí bébà. Ìlà agbára ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ìlà yìí gbọ́dọ̀ gba ibi tí ìwúwo gbogbo ọkọ̀ ti dọ́gba kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń tì í, ọkọ̀ á máa yí lójú kan bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n di gbogbo ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ọ̀sà. Àgbá epo máa ń fúyẹ́ bí ìrìn ṣe ń lọ, nítorí náà ẹ tò wọ́n ní méjì-méjì yí ìlà náà ká.

Ẹ́ńjìnnì átọ́míìkì wà ní ìdí, ènìyàn wà ní orí, epo àti omi wà láàárín wọn. Ìdí méjì ni. Bí ẹ bá ti jìnnà sí ẹ́ńjìnnì náà ní ìlọ́po márùn-ún, ìtànṣán olóró rẹ̀ tó ń dé ara yín á dín kù di ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Omi àti háídrójìn sì jẹ́ odi tó dára fúnra wọn. Ìtò yìí ti fún ọkọ̀ ní ìrísí kó tó di pé ẹnikẹ́ni dá sí i: ọ̀pá ẹ̀yìn gígùn, ìdí tó wúwo, orí kékeré.

Ẹ má kọjú rádíétọ̀ sí ara wọn, nítorí wọ́n á máa yan ara wọn. Etí wọn ni kí ẹ kọ sí oòrùn, kì í ṣe ojú wọn. Ẹ má sì gbé pánẹ́ẹ̀lì sí ibi tí èéfín ẹ́ńjìnnì ti máa fọ́n bá a.

4. Òjìji ni kí ẹ kọ́kọ́ jiyàn lé lórí

Kí olúkúlùkù gé òjìji mẹ́ta látinú bébà dúdú, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Kò sí àwọ̀, kò sí fèrèsé, kò sí orúkọ ẹni tó gé e. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, kí ẹ sún sẹ́yìn tó mítà mẹ́ta. Èyí tí ẹ kò bá dá mọ̀ láti ibẹ̀, ẹ yọ ọ́. Nínú ẹgbẹ́ ẹni márùn-ún, ó sábà máa ń ṣẹ́ ku mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Òfin àríyànjiyàn kò pọ̀. Ẹni tó bá ń gbè ẹ̀yà kan lẹ́yìn gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó bá ń ta kò ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó máa bàjẹ́ tó bá wà níbẹ̀. Kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí tí àgbà bá ti sọ tirẹ̀, ó ṣòro kí ọmọdé tó já a. Bó ṣe máa ń lọ nìyí:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni apá méjèèjì yìí ń ṣe?”

“Ó ń jẹ́ kó dà bí ẹyẹ.”

“Ṣé ó máa bà síbì kan ni?”

“Rárá, a ti kọ ọ́ pé kì í balẹ̀.”

“Ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ nígbà náà.”

“Dúró ná. Rádíétọ̀ wa dà? A ní 1,200 la fẹ́. Apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 mítà sí 30, méjèèjì jẹ́ 1,200 géérégé.”

“Háà. Kí wá ló dé tí ẹ fi fèrèsé sára rẹ̀?”

“Fèrèsé nìkan lá yọ.”

Ohun tó wu ẹ̀gbọ́n kò sọnù, ó kàn rí iṣẹ́ ṣe ni. Tí ẹ bá fi ìbò dá a ní àkọ́kọ́, apá á lọ, ọkọ̀ á sì gbóná pa àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ẹnì kan á tún dìde, á ní ìrísí kò ní í ṣe pẹ̀lú iṣẹ́, ẹ ṣe bí ẹ rí Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́? Òótọ́ ni. Àwọn ará wa tó padà dé láti Bùràsíìlì ló kọ́ ọ, ó sì jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ fún ìrun kíkí ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ má já a ní koro. Ìrísí mọ́ṣáláṣí yẹn ń sọ ẹni tó kọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ yékéyéké. Ẹ fún ọkọ̀ yín ní àǹfààní kan náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti hàn tán: ìlú wo ló kọ́ ọ, báwo ni wọ́n ṣe máa ń so irin mọ́ irin, irú àmì wo ni wọ́n máa ń fín.

5. Ẹ jẹ́ kí ẹrù sọ̀rọ̀

Ìṣòro ọkọ̀ wa ni pé àgbá epo tóbi ju àgbá omi lọ. Ẹni tó bá wò ó á ní epo ló ń rù. Báwo la ṣe máa yí i padà láìpurọ́?

Ẹ wo ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ará Kétu. Ojú ìsàlẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀, kò sọ púpọ̀. Orí òkè ni wọ́n máa ń gbẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí: ejò, ọlọ́jà, ẹlẹ́rọ ìránṣọ. Ojú ń sinmi nísàlẹ̀ kó lè ríran lókè. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbá epo dán, kó mọ́ lára, wé e nínú aṣọ adènà-ooru tó nípọn, kí ó má ní ohunkóhun lára bí kò ṣe páìpù tó lọ sí ìdí. Kí ẹ wá kó gbogbo ohun tó ń ṣe nǹkan jọ sára àgbá omi: ẹnu ìsopọ̀, ìdìmú tí ọwọ́ ń dì, ìkọ́ tí wọ́n fi ń já àgbá kúrò, fáàfù ńlá, fìtílà. Epo kì í kúrò lára ọkọ̀, ẹrù ló ń wọlé tó ń jáde. Ibi tí ọwọ́ ti ń kan nǹkan, ibẹ̀ ni ojú máa ń lọ.

6. Kí ó wúwo lójú

Fèrèsé ńlá ló ń sọ ọkọ̀ ńlá di kékeré. Ojú ń fi ohun tó mọ̀ wọn ohun tí kò mọ̀: ẹnu ọ̀nà, àkàbà, ìdìmú. Ihò tí ènìyàn ń gbà kọjá níbi tí ọkọ̀ ti ń so pọ̀ mọ́ Ibùdó Gbalasa kò ju nǹkan bí 80 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ ya ihò kan ṣoṣo tó tó bẹ́ẹ̀ sára ọkọ̀ mítà 100, kò tún sẹ́ni tó máa bi yín bó ṣe tóbi tó.

Tí ẹ bá sọ gígùn ọkọ̀ di ìlọ́po méjì láìyí ìrísí rẹ̀ padà, ìwúwo rẹ̀ á di ìlọ́po 8, agídí rẹ̀ láti yí á sì di ìlọ́po 32. Nítorí náà, àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tó ń darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìpẹ̀kun, jìnnà sí àárín, bí ìgbà tí a bá fi igi gígùn tú nǹkan. Tó bá jẹ́ géèmù ni, ẹ jẹ́ kó lọ́ra. Ọkọ̀ ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù tó ń yí bí ọ̀kadà zémídján ti ba gbogbo iṣẹ́ àwòrán jẹ́.

Ẹ má sì rọ́ wáyà àti pátákó kéékèèké káàkiri ara rẹ̀ lásán. Ohun tí kò níṣẹ́ kì í mú un wúwo, á kàn mú un dọ̀tí ni.

7. Àwọ̀ àti ogbó

Ẹ kùn ún díẹ̀. Àgbá epo ńlá Space Shuttle funfun ní ìrìn àkọ́kọ́ àti èkejì ní 1981. Lẹ́yìn náà wọn ò kùn ún mọ́, wọ́n sì dín nǹkan bí 270 kílò kù. Àwọ̀ ọsàn tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, àwọ̀ fóòmù fúnra rẹ̀ ni. Àwọn àmì dúdú lára Saturn V, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé Apollo lọ sí Òṣùpá, náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́: wọ́n ń jẹ́ kí àwọn tó ń fi kámẹ́rà wò ó mọ̀ bó bá ń yí. Ẹni tó bá mú àwọ̀ wá sí ìpàdé, kó mú ìdí rẹ̀ wá.

Ìpẹta ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. A ti mọ́ ọkọ̀ irin àtijọ́ tó ń jẹrà létí omi lójú, a wá ya omi ìpẹta tó ń ṣàn sísàlẹ̀ lára ọkọ̀ gbalasa. Níbo ni ọ̀rinrin ti wá, níbo sì ni ìsàlẹ̀ wà? Ohun tó ń hàn lára ọkọ̀ tó ti pẹ́ ni èéfín tó dúdú yí ẹ́ńjìnnì kéékèèké ká, aṣọ adènà-ooru tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà, ihò wínníwínní tí òkúta kéékèèké gún, àti ibi tí ìsopọ̀ ti ha ara irin.

8. Ẹ fi ọwọ́ ṣe é ní 1:200

Àwòrán lè purọ́, páálí kì í purọ́. Ní òṣùwọ̀n yìí, mítà méjì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan. Bọ́ọ̀lù pínpọ́n méjì ni 500 tọ́ọ̀nù omi. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì mẹ́rin ni háídrójìn, ó kéré díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣeé gbà. Páálí méjì, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ni rádíétọ̀. Igi tí àwọn ẹlẹ́ran súyà fi ń gún ẹran, ẹ di mẹ́rin pọ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn nìyẹn. Ènìyàn kan jẹ́ mílímítà 9. Ẹ gé e látinú bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìsopọ̀. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ẹ fi òwú so ọ̀pá náà rọ̀ láti ibi tí ẹ rò pé ó dọ́gba. Ìwúwo bọ́ọ̀lù kò bá ti àgbá mu, nítorí náà ẹ fi amọ̀ díẹ̀ kún inú bọ́ọ̀lù pínpọ́n títí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi wúwo ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kan lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀. Bí ó bá doríkodò, ẹ sún àgbá, ẹ má sún òwú.

9. Ẹ bi ẹni tí kò mọ̀

Ẹ gbé e lọ sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, kí ẹ fi han ẹni mẹ́wàá. Ẹ má bi wọ́n pé “Ṣé ó dára?”, nítorí ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún yín á ní ó dára. Ẹ béèrè pé: “Ìyá, kí lẹ rò pé eléyìí ń gbé?” Ẹ kọ ìdáhùn bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Tí méje bá sọ pé omi, epo tàbí nǹkan olómi, ẹ lè lọ kùn ún.

Ìdáhùn kan wà tó máa ń jáde ju bí ẹ ṣe rò lọ: “Bọ́ǹbù ni.” Ohun roboto tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá máa ń jọ bẹ́ẹ̀, pàápàá tó bá dúdú tàbí tó ṣẹnu ṣóńṣó níwájú. Ẹ má kọ “OMI” sí i lára. Ẹ yí ẹnu ìsopọ̀ kan kọjú sí ẹni tó ń wò ó, kí ẹ fi páìpù kan tó nípọn jáde látinú àgbá omi pẹ̀lú fáàfù tó ní ìdìmú lẹ́nu, kí ẹ sì gbé ènìyàn mílímítà 9 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdìmú. Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ bi ẹni mẹ́wàá mìíràn.